Ògiri Tó Ń Mumi

Nǹkan bí aago méjì òru ni nǹkan fọ́ gbàràmù nínú ilé wa. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ jí. Ó fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde, wọ́n ti wọlé o!" Mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àdá yọ. Àdá tí mò ń wí yìí, koríko inú ebè ewédú mi nìkan ló mọ̀ ọ́n gé, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà mo gbé e dání bí ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ ja ogun Jálumi ní 1878. Mo yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ta ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nípàá, mo pariwo, "Ta nìyẹn!"

Táìlì ni. Ó ti já lára ògiri, ó fọ́ sí mẹ́rin nílẹ̀. Ojú ibi tó ti já ń dán fún omi bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Ibi tí mo ti ń wò ó lọ́wọ́, èkejì náà já, ó bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí olè kankan. Bí olè bá wọ ilé wa lọ́dún náà, èmi ni, ó sì ti pé oṣù méjì tí mo ti wọlé.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Táyé, nínú àwọn ìbejì wa, ti mú ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ wálé, àwọn òbí ọmọkùnrin náà sì ti dá oṣù Kejìlá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìyá Ìbejì ní gbogbo ilé lòun lè fi kọ́tìnnì bò, àmọ́ òun ò mọ kọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bo balùwẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn níbí, lọ́dún 1974 là ń gbé. Bulọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ láti òkè délẹ̀. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé ni balùwẹ̀ wà, nítorí náà méjì nínú ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọjú síta. Ọ̀kan nínú méjì ọ̀hún ló ń ṣàìsàn.

Láti ilẹ̀ títí dé orúnkún mi ni ògiri náà ti rin. Ọ̀dà ara rẹ̀ wú bí awọ orí ẹ̀kọ. Bí èèyàn bá fi ìka kàn án, á bẹ́, omi díẹ̀ á sì ṣàn wálẹ̀. Níbi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò, nǹkan funfun kan ń hù níbẹ̀ bí òwú, ó ń bọ́ sílẹ̀ láràárọ̀ bí ẹ̀lùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Mo fi ìka kó díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi kan ahọ́n bí olóúnjẹ ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó níyọ̀, ó tún korò díẹ̀ lẹ́yìn. Mo mi orí. "Iyọ̀ símẹ́ńtì ni," ni mo wí fún ìyàwó mi, mo sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ahọ́n yìí, a óò padà sórí ẹ̀.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà bí omi ṣe ń gun òkè fúnra rẹ̀ nínú ihò tó bá tín-ín-rín tó. Ọdọọdún ni mo máa ń gbé ṣọ́ọ̀kì kan dúró sínú ìdérí ìgò tí mo da yíǹkì sí. Kí n tó nu pátákó tán, yíǹkì á ti gun ṣọ́ọ̀kì dé ìdajì, kíláàsì á sì hó yèè. "Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo nìyẹn," ni mo máa ń wí fún wọn, "bí ògiri ilé yín ṣe ń fa omi ilẹ̀ náà nìyẹn." Ẹnu mi yìí ni mo fi ń sọ ọ́. Ìgbà tí mo wá fẹ̀yìn tì, ó jọ pé ìmọ̀ ọ̀hún náà gba owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bíríkìlà tí mo kọ́kọ́ pè jẹ́ àgbàlagbà kan ládùúgbò wa. Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìdí irin ìrẹ́lé rẹ̀ kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń tẹ́tí sí i. Lókè, ó ń dún ko-ko-ko. Nísàlẹ̀, kò dún rárá, àfi bí ìgbà tí èèyàn bá gbá itan ẹni tó yó.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀yìn ilé."

"Bàbá, inú balùwẹ̀ ni iṣẹ́ wà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn."

"Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Ewédú mi ló wà níbẹ̀."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ká jẹ́ kí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ ná, pé ògiri tó ti ń mumi láti oṣù Kẹrin kì í gbẹ lọ́sẹ̀ kan, kí n wá pe òun ní oṣù Kọkànlá. Oṣù Keje là ń wí yìí. Mo ro ti oṣù Kọkànlá, mo ro ti àwọn àna tó ń bọ̀ ní Kejìlá, mo ní ọjọ́ orí ti ń da Bàbá láàmú. Mo fún un lówó ọkọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta ọ̀dà ní ọjà ohun ìkọ́lé ló wá gbọ́ tèmi. Ó gbé ọ̀dà kan sílẹ̀, ó ní ògiri tó ń mumi gan-an ni wọ́n ṣe é fún. "Bàbá, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì péré, odò Ògùnpa gan-an ò ní ráyè wọlé yín." Ó yẹ kí n bá a wí. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1980 kì í fi Ògùnpa ṣàwàdà, nítorí omíyalé ọjọ́ náà gbé ilé, ó gbé ọmọ èèyàn. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì bí i nígbà náà, èmi náà sì ti ń ka owó. Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ni mo rà. Owó rẹ̀ ì bá ra símẹ́ńtì tó máa rẹ́ gbogbo balùwẹ̀ náà, kó tún ṣẹ́kù.

Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀dà náà: kò jẹ́ kí omi gba ara rẹ̀ kọjá lóòótọ́. Ohun tí èmi tíṣà ò rò ni pé omi tí wọ́n dínà fún níwájú kì í padà sẹ́yìn. Òkè ló máa ń gbà.

Ọmọkùnrin tó wá lẹ táìlì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi láyé ọjọ́sí. Inú mi dùn bí mo ṣe rí i. Inú tirẹ̀ náà dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó yọ ọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà.

"Sà, ògiri yìí ṣì tutù o."

"Balùwẹ̀ ni. Ṣé ó yẹ kó gbóná ni?"

Ó rẹ́rìn-ín bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà tíṣà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ méjì ló fi parí ẹ̀. Táìlì aláwọ̀ sánmà ni, ó gùn dé àyà mi, ó tẹ́jú, ó ń dán. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó wọ ilé wa tí n ò fi balùwẹ̀ hàn. Ọkùnrin kan wá túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún wa. Kó tó lọ, mo ti mú un lọ wo táìlì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó mi pè mí. Ó nawọ́ sókè táìlì, níbi tí ọ̀dà lásán ti bẹ̀rẹ̀. Àmì dúdú kan ti yọ níbẹ̀, ó lọ gbọọrọ láti igun dé igun. Ibi tí omi kì í dé tẹ́lẹ̀ ni. Ìgbà tí ògiri wà níhòhò, orúnkún ni omi ń simi sí, á ti gba ojú ògiri bá atẹ́gùn lọ kó tó ga jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wá fi ọ̀dà àti táìlì dí i lójú, ó gun mí dé èjìká. Òwe ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Tèmi ò lanu rárá, ẹnu pípadé ló fi ń mumi.

Tawẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ láìgbẹ. Mo wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù, ọwọ́ mi sì kọ́kọ́ ba Kẹ́hìndé, nítorí òun ló fẹ́ràn kó máa fi omi gbígbóná wẹ̀ títí ojú dígí á fi ṣú. Mo ní ooru omi gbígbóná rẹ̀ ló ń wọ ògiri lára. Mo fòfin de omi gbígbóná nínú ilé. Oṣù Kẹjọ la wà, òtútù mú, omi kànǹga sì dà bí yìnyín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo wa fi ń wẹ̀ bí ọmọ ogun. Kẹ́hìndé ní òun á kúkú máa wẹ̀ níbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo di ẹ̀bi ru òjò. Àwọn ilé tuntun tó wà ládùúgbò wa, wọ́n ti fi ògiri ká òrùlé wọn mọ́lẹ̀ débi pé òrùlé ò yọ síta mọ́, òjò yòówù tó bá fẹ́ á na ògiri wọn nà á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé àwọn bàbá wa. Etí òrùlé tiwọn máa ń yọ jáde bí fìlà abetíajá, omi á já sílẹ̀ jìnnà sí ògiri. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá etí òrùlé tiwa ti jẹrà. Nítorí náà, lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ kíkan, mo gbé agbòjò, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé, mo gbójú sókè fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Òrùlé bàbá mi ò ní àléébù kankan. Ẹ̀kán omi kan ò kan ògiri. Mo padà wọlé, mo ní òjò náà ò jẹ̀bi. Orí ebè ewédú ni mo dúró lé ní gbogbo ìgbà tí mò ń wòkè yìí. N ò wo ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yìn èyí ni táìlì ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í já lóru.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú tì mí tó láti rántí pé mo mọ sáyẹ́ǹsì nígbà kan. Mo gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, mo nù ún gbẹ, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibi tí táìlì ti já. Bí omi bá wà lójú ọ̀rá, inú yàrá ló ti wá, Kẹ́hìndé ló jẹ̀bi. Bó bá wà lábẹ́ ọ̀rá, inú ògiri ló ti wá. Ní ọjọ́ kejì, ojú ọ̀rá gbẹ táútáú. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀kán omi wínníwínní bí ìdérí ìkòkò ìrẹsì. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ní kò burú, pé balùwẹ̀ ibi iṣẹ́ àwọn ò tilẹ̀ bu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò kò rọ̀, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ sẹ́yìn ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ewédú yìí ni mo fi ń fẹ́lá láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Bulọ́ọ̀kù ni mo fi mọ ebè rẹ̀, ìlà méjì léra wọn, mo tì í mọ́ ara ògiri kó má baà gba àyè, mo wá da iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ kún un dé ẹnu. Kẹ́ẹ̀gì méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́, oní-lítà 25. Mo ń da èyí èkejì lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ìbejì yọjú lójú fèrèsé balùwẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń wò.

"Bàbá Ìbejì, ibo ni omi yẹn ń lọ?"

"Ìdí ewédú."

"Gbogbo ẹ̀?"

Kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ mi. Lítà 100 lójúmọ́, láti ọdún méjì, ní ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọjọ́ tí òjò bá fò. Mo wo ewédú. Mo wo ògiri. Mo wo ìyàwó mi lójú fèrèsé. Ṣọ́ọ̀kì àti yíǹkì ni mo rí. Ògiri ni ṣọ́ọ̀kì, èmi ni mo sì ń da yíǹkì.

Mo lọ bẹ Bàbá bíríkìlà. Ó dé, kò sọ pé "ṣebí mo sọ fún yín", ó kàn bèèrè bóyá gaàrí wà nílé. Nígbà tó mu ún tán, ó mú ṣọ́bìrì, ó wa ewédú mi kúrò láìwo ojú mi. Bó ṣe ń wa iyẹ̀pẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìpìlẹ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ga tó ìnṣì mẹ́sàn-án. Lórí ìpìlẹ̀ náà, lábẹ́ bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, etí ọ̀rá dúdú kan yọ jáde ní tínrín. Ó fi ìka tọ́ ọ.

"Dípíísì bàbá yín nìyẹn. Òun ló ń dá omi ilẹ̀ dúró kó má gun ògiri. Èmi ni mò ń po símẹ́ńtì níbí lọ́dún yẹn, ọmọ iṣẹ́ ni mí. Bàbá yín dúró lé wa lórí títí a fi tẹ́ ọ̀rá yẹn yí ilé po."

Ebè mi ga ní ìnṣì méjìdínlógún. Ìyẹn ni pé mo ti gbé ilẹ̀ tútù kọjá orí iṣẹ́ bàbá mi ní ìnṣì mẹ́sàn-án, omi kàn ń gba òkè ọ̀rá wọ ògiri wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá ní ó kéré tán, ó yẹ kí ilẹ̀ máa fi ìnṣì mẹ́fà rẹlẹ̀ sí ọ̀rá náà.

Lẹ́yìn náà ló bu iyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ìgbẹ́ adìẹ wà nínú èyí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin adìẹ ló ń fún mi ní àpò kan lóṣooṣù. "Ẹ rí i, iyọ̀ pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ. Omi á yọ́ ọ, ògiri á fà á. Bí omi bá bá atẹ́gùn lọ, iyọ̀ á dúró sójú ògiri. Nǹkan funfun tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ yín yẹn, ibẹ̀ ló ti wá." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Tíṣà, ẹ ò tọ́ ọ wò, àbí?"

"Rárá o," ni mo wí.

Ẹ̀rín bú jáde lójú fèrèsé balùwẹ̀. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé etí ìkòkò omi.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló wá yọ àwọn táìlì tó ṣẹ́kù. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi nígbà náà pé ògiri tútù kì í gba táìlì. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ti ṣọ́ọ̀kì. Mo rò pé ẹ fẹ́ dán nǹkan wò ni."

Bàbá ha ìrẹ́lé àtijọ́ kúrò, ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ibi tí omi gùn dé, nítorí iyọ̀ tó ti wọ ìrẹ́lé lára á ṣì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ inú ike ṣe ń ṣe nígbà òjò. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni ká máa fi gbá èyí tó bá tún yọ, ká má fi omi fọ̀ ọ́, kó má baà padà sínú. Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ṣírò gbígbẹ rẹ̀ ni oṣù kan fún ìnṣì kan. Ìnṣì mẹ́sàn-án ni tiwa, a ṣí ojú méjèèjì sílẹ̀, a wá ń retí ọyẹ́.

Nípa bẹ́ẹ̀, ìhòhò ni balùwẹ̀ wà nígbà tí àwọn àna dé ní oṣù Kejìlá. Ìyá Ìbejì rán kọ́tìnnì áńkárá kan, ó fi bo ògiri náà láti òkè délẹ̀. Ìyá ọkọ Táyé wọlé lọ fọwọ́, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tó jókòó, ó bi ìyàwó mi ní jẹ́jẹ́ pé kí ló wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyàwó mi ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Ìbejì ni." Wọ́n jẹ àmàlà. Bàbá ọkọ bu ewédú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ó fà dáadáa, ó bèèrè ibi tí a ti rà á. Gbogbo ilé yíjú sí mi.

"Ọjà ni," ni mo dáhùn.

Inú àwọn ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni ewédú náà wà báyìí, ó jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà ogún. Oṣù Kẹta ni wọ́n tó lẹ táìlì tuntun, ìyẹn ò sì tíì já. Ó ku gálọ́ọ̀nù kan àbọ̀ nínú ọ̀dà náà nílé mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kó mú ìdérí tirẹ̀ wá, torí mo ti fi èyí tó wà lórí rẹ̀ gbé omi fún adìẹ.